Bí A Ṣe Lè Sọ Ọ̀rọ̀ Palẹstínì fún Ẹni Tí Kò Mọ Ìdí Rẹ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan lóde òní tí ó tètè ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa Yorùbá tó ọ̀rọ̀ Palẹstínì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nílé onígbàjámọ̀, tàbí nídìí ayò, kì í pẹ́ tí ó fi ń di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Onígbàgbọ́ a dìde láti gbèjà Ísírẹ́lì, Mùsùlùmí a dìde láti gbèjà àwọn Árábù, àwọn méjèèjì a sì máa pariwo lórí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fi ìka tọ́ka sí nínú máàpù. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí ọmọ ìyá méjì ti lè jẹ́ Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ tí wọ́n sì jọ ń jẹun nínú àwo kan, irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Ó yẹ kí a wá ọ̀nà tí a óò fi sọ ọ̀rọ̀ náà, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi mọ̀, tí kò sì ní di ọ̀tá ẹni tí ó sọ fún un.

Èrò tèmi ni pé àwọn ará Palẹstínì ní ẹjọ́ tí ó tó í rò, tí a sì lè rò láìpariwo. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ro ẹjọ́ náà fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó jẹ̀bi. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, kí ó fi ọdún tẹ̀lé e, kí ó má sì fi òkú ìhà kankan pamọ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ èyí tí ó kù.

Orúkọ ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ẹni tí ó dàgbà sínú Bíbélì Yorùbá mọ àwọn ará Filístínì dáadáa: àwọn ni Sámúsónì bá jà ní Gásà, inú wọn ni Gòláyátì sì ti jáde. Nítorí náà, nígbà tí ó bá gbọ́ Palẹstínì lórí rédíò, ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ òmìrán tí Dáfídì fi òkúta pa, ó sì ti dá ẹjọ́ náà kí a tó rò ó. Kí a sọ fún un pé lóòótọ́ ni orúkọ méjèèjì ti inú ọ̀rọ̀ kan náà jáde, ṣùgbọ́n pé orúkọ ilẹ̀ kì í ṣe ìran ènìyàn. Àwọn Filístínì àtijọ́ ti pòórá nínú ìtàn ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó bí Jésù. Lẹ́yìn tí àwọn Júù ṣọ̀tẹ̀ sí Róòmù láti ọdún 132 títí di ọdún 135, Róòmù sọ agbègbè náà ní Síríà Palẹstínà. Nígbà tí àwọn Árábù gbà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje, wọ́n pa orúkọ náà mọ́, wọ́n ń pè é ní Filastin. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso níbẹ̀, owó tí a ń ná láti ọdún 1927 ní orúkọ Palẹstínì lára ní èdè mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, Lárúbáwá àti Hébérù. Àwọn Júù tí ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1932 pè é ní Palestine Post. Ọdún 1950 ni wọ́n tó yí i padà sí Jerusalem Post. Nígbà náà, orúkọ yìí kì í ṣe èébú lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì. Nínú Bíbélì, orúkọ Jákọ́bù àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Nínú ìwé ìròyìn, ìjọba kan ni tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọdún 1948, tí ó ní ilé aṣòfin àti ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń bu ara wọn gẹ́gẹ́ bí ti ibi gbogbo. Ènìyàn lè fẹ́ràn ti ìṣáájú kí ó sì bá èkejì wí. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò yọ ẹni tí ń gbèjà Palẹstínì sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ máa sọ pé Júù ṣe báyìí, Júù ṣe bọ́ọ̀hún, nígbà tí ó jẹ́ pé ìjọba Ísírẹ́lì ni ó ń bá wí, nítorí pé àwọn Júù wà káàkiri ayé, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń ta ko ìjọba náà ní gbangba. Bẹ́ẹ̀ sì ni Hamas, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, kì í ṣe orúkọ mìíràn fún gbogbo ọmọ Palẹstínì.

Lẹ́yìn orúkọ, ọdún ni ó kàn. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìjà Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì ni, àti pé kò lè parí títí ayé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè. Bí ìjà bá ti inú ilé Ábúráhámù wá, ta ni yóò tún bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe ní ọdún báyìí? Ìjà tí à ń sọ yìí kò tíì pé 150 ọdún. Láti ọdún 1517 títí di ọdún 1917, abẹ́ àwọn Tọ́kì ni ilẹ̀ náà wà. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Onígbàgbọ́ àti àwọn Júù sì wà láàrin wọn. Yúróòpù ni wọ́n ti ń lu àwọn Júù tí wọ́n sì ń jó ilé wọn, pàápàá ní Rọ́ṣíà lẹ́yìn ọdún 1881. Ìyà yìí ni ó mú kí àwọn kan nínú wọn gbà pé kò sí ààbò fún Júù àfi bí ó bá ní ilẹ̀ tirẹ̀. Theodor Herzl sì pe ìpàdé wọn àkọ́kọ́ jọ ní Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, ní ọdún 1897.

Kí ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ Palẹstínì má ṣe fo ibí yìí. Bí kò bá sọ ohun tí ó lé Júù kúrò ní Yúróòpù, ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò rò pé a fẹ́ tan òun jẹ ni. Bí ó bá sì sọ ọ́ tán, olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè pé: kí ni ó kan àgbẹ̀ Árábù nínú ohun tí ará Rọ́ṣíà ṣe? Ìbéèrè yìí ni gbòǹgbò ẹjọ́ náà, ó sì dára kí ó ti ẹnu olùgbọ́ jáde.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ọdún 1917, Arthur Balfour, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kúkúrú kan sí Lord Rothschild pé ìjọba òun fọwọ́ sí i kí àwọn Júù ní ibùgbé gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní Palẹstínì. Ìlérí náà kò ju ọ̀rọ̀ 67 lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A dárúkọ àwọn Júù nínú rẹ̀. Àwọn Árábù tí wọ́n ń gbé ilẹ̀ náà, a kò dárúkọ wọn. Ohun tí a pè wọ́n ni àwọn tí kì í ṣe Júù. A ṣèlérí pé a kò ní fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ará ìlú àti ẹlẹ́sìn, ṣùgbọ́n a kò mẹ́nu kan ẹ̀tọ́ láti ṣe ìjọba ara wọn. Ní ọdún 1922, Gẹ̀ẹ́sì ka àwọn ènìyàn ibẹ̀. Nínú nǹkan bí 750,000 tí ó wà, Júù jẹ́ bí 84,000. Èyí ni pé nínú ènìyàn mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ni a fi ohun tí wọn kì í ṣe sọ lórúkọ. Bí a bá sọ èyí fún Yorùbá, kò tún nílò àlàyé, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ irú ìwọ̀sí tí ó wà nínú kí a máa pe onílé ní ẹni tí kì í ṣe àlejò.

Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso níbẹ̀ títí di ọdún 1948. Àwọn Júù túbọ̀ ń wọlé, pàápàá lẹ́yìn tí Hitler gba ìjọba Jámánì ní ọdún 1933; àwọn Árábù dìde sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1936 títí di 1939, Gẹ̀ẹ́sì sì fi agbára tẹ̀ wọ́n rì. Lẹ́yìn náà ni ogun àgbáyé kejì dé, nínú èyí tí ìjọba Hitler pa nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, ọdún 1947, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé kí a pín ilẹ̀ náà sí méjì. Orílẹ̀-èdè 33 gbà, 13 kọ̀, 10 kò dá sí i. Nínú gbogbo Áfíríkà, mẹ́rin péré ni ó ní ìbò: Làìbéríà gbà, ìjọba àwọn òyìnbó ní South Africa gbà, Íjíbítì kọ̀, Etiópíà kò dá sí i. Àwa ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. A kò sì bi wá.

Ìpín náà fún ìjọba Júù ní ohun tí ó ju ìdajì ilẹ̀ lọ, nígbà tí àwọn Júù jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn ibẹ̀, tí ilẹ̀ tí ó jẹ́ tiwọn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn olórí Júù gbà á. Àwọn olórí Árábù kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ sábà máa ń sọ pé, “A fún wọn, wọ́n ní àwọn kò gbà.” Kí a má ṣe bá a jiyàn pé wọn kò kọ̀. Kí a gbé ìṣirò náà síwájú rẹ̀, kí a sì bi í léèrè ohun tí òun ìbá ṣe.

Ọdún 1948 ni èdè ti ṣe pàtàkì jù lọ. Láti òpin ọdún 1947 sí ọdún 1949, ó lé ní 700,000 ará Palẹstínì tí ó kúrò nílé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ pé wọ́n kúrò, nítorí pé bí a bá ní wọ́n sá, ẹ̀bi di tiwọn; bí a bá ní a lé wọn, ẹ̀bi di ti ẹlòmíràn. Ìtàn sì ní méjèèjì nínú. Ní abúlé Deir Yassin, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, àwọn jagunjagun Irgun àti Lehi pa ènìyàn tí ó lé ní 100, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, ìròyìn rẹ̀ sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kí ogun tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àwọn jagunjagun Árábù ba ní ibùba de ọkọ̀ tí ń lọ sí ilé ìwòsàn Hadassah ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì pa dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn mìíràn tí ó lé ní 70. Kí ogun àwọn orílẹ̀-èdè Árábù tó wọlé ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, àwọn tí ó ti kúrò nílé ti ju 200,000 lọ. Nígbà tí ó di oṣù Keje, ní Lydda àti Ramle, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti sísá mọ́: ọmọ-ogun Ísírẹ́lì pàṣẹ kí àwọn ará ìlú jáde, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, tí àwọn kan nínú wọn kú sójú ọ̀nà. Bí olùgbọ́ bá jẹ́ Onígbàgbọ́, kí a rán an létí pé Lydda yìí ni Lídà tí Pétérù ti gbé Énéà dìde lórí àkéte, àti pé Jaffa, tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn Árábù ibẹ̀ kúrò ní ọdún náà, ni Jópà tí ó ti wọ̀ sílé Símónì aláwọ. Lójú kan náà, ìlú tí ó jẹ́ orúkọ lásán létí rẹ̀ yóò di ibi tí ó mọ̀.

Àwọn Árábù ń pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà ní Nakba, èyí tí í ṣe àjálù. Àwọn ará Ísírẹ́lì ń pe ogun kan náà ní Ogun Òmìnira. Kí a sọ orúkọ méjèèjì fún olùgbọ́. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan ṣoṣo kò ní lóye ìdí tí ẹnìkan fi ń sunkún ní ọjọ́ tí aládùúgbò rẹ̀ ń jó.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó tán ìyàn sísá àti lílé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ogunléndé. Ìbáà ṣe pé ènìyàn sá, ìbáà ṣe pé a tì í jáde, ogun ni ó lé e dé ibi tí ó wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pinnu pé kí a jẹ́ kí ogunléndé tí ó bá fẹ́ padà sílé kí ó sì bá aládùúgbò rẹ̀ gbé ní àlàáfíà padà, kí a sì san owó ohun ìní fún ẹni tí kò bá fẹ́ padà. Ìpinnu náà kò ṣẹ. Àwọn àti ọmọ-ọmọ wọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àjọ tí ń tọ́jú wọn lónìí súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwọn ìdílé kan ṣì fi kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n tì sílẹ̀ ní ọdún náà pamọ́.

Níbí ni Yorùbá yóò ti bi wá ní ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n wá. Yóò ní, “Àwọn Ẹ̀gbá náà jẹ́ ogunléndé. Wọ́n dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, wọ́n tẹ̀ ìlú dó, ọ̀rọ̀ sì parí. Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí kò jókòó síbi tí wọ́n dé?” Kí a yìn ín fún ìbéèrè yìí, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ó mọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá kó orúkọ ìlú wọn dání dé Abẹ́òkúta: Aké, Gbágùrá àti Òkè-Ọnà wà níbẹ̀ títí di òní. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Palẹstínì ṣe ní àgọ́ Ain al-Hilweh ní Lẹ́bánónì, tí wọ́n fi orúkọ abúlé wọn, irú bí Saffuriyya, sọ àdúgbò wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni pé Ẹ̀gbá ní ilẹ̀ lábẹ́ Olúmọ, wọ́n sì ń ṣe ìjọba ara wọn. Ní Lẹ́bánónì, òfin ọdún 2001 kò gba ará Palẹstínì láyè láti ra ilé tàbí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kò sì lè ṣe. Kí a fi èyí kún un pẹ̀lú, pé àwọn ìjọba Árábù náà ní ẹ̀bi tiwọn. Kí a sì má gbàgbé pé ogunléndé wà ní ìhà kejì: ní ọdún 1950 àti 1951 nìkan, Júù tí ó lé ní 120,000 fi Ìráàkì sílẹ̀ lọ sí Ísírẹ́lì, wọ́n sì pàdánù ohun ìní wọn.

Lẹ́yìn ọdún 1948, ọdún 1967 ni olùgbọ́ gbọdọ̀ mọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, nínú ogun ọjọ́ mẹ́fà, Ísírẹ́lì gba Gásà, ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù, ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, òkè Gólánì àti Sínáì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ohùn kan ṣe ìpinnu 242. Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn, ó sì fọwọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun abẹ́lé ń jà nílé. Ìpinnu náà ní kí ọmọ-ogun Ísírẹ́lì kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, a yọ ọ̀rọ̀ kékeré kan kúrò níwájú ilẹ̀, Ísírẹ́lì sì ń wí pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ náà ni a sọ. Nínú ìwé Faransé, a lè kà á pé gbogbo rẹ̀ ni, òun sì ni àwọn Árábù dì mú. Nígbà tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ kékeré yẹn rárá. Àfi kí a fi “gbogbo” tàbí “díẹ̀” kún un, bí a bá sì fi kún un, a ti di adájọ́. Síbẹ̀, ìpinnu kan náà sọ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé kò tọ́ kí a fi ogun sọ ilẹ̀ di tẹni, kò sì sí èdè tí èyí ti ní ìtumọ̀ méjì. Ísírẹ́lì dá Sínáì padà fún Íjíbítì tán ní ọdún 1982. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Jọ́dánì, àwọn ará Ísírẹ́lì tí ó ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà lábẹ́ ààbò ológun ti ju 500,000 lọ. Bí a bá pe ibùgbé wọn ní abà, a ó ṣi olùgbọ́ lọ́nà, nítorí pé ìlú ńlá ni àwọn mìíràn nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ń di ọ̀pọ̀ etí, òun ni pé ìjà ẹ̀sìn ni. Kí a bi ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ léèrè pé, àwọn wo ni ó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù? Onígbàgbọ́ ọmọ Palẹstínì ni wọ́n. Edward Said, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1935, ọmọ ìdílé Onígbàgbọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni Hanan Ashrawi. George Habash, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ já ọkọ̀ òfurufú gbà tí gbogbo ayé fi gbọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tódọ́ọ̀sì láti Lydda ni. Ìgbà tí olùgbọ́ bá gbọ́ èyí ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé ni ó wà nídìí rẹ̀, bí ẹ̀sìn tilẹ̀ ń da epo sí i.

Nàìjíríà tiwa pàápàá ti fi hàn pé ènìyàn lè ka ìhà méjèèjì sí ènìyàn. Ó já àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní ọdún 1973, ó gba Palẹstínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1988, ó sì tún bá Ísírẹ́lì dọ́rẹ̀ẹ́ padà ní ọdún 1992. Kò sì yọ orúkọ ọ̀kan kúrò nítorí èkejì.

Ẹni tí ó bá rò pé òun lè sọ ìtàn yìí kí òun sì fo ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ń tan ara rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Hamas àti àwọn tí ó bá wọn lọ pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì kó nǹkan bí 250 lọ ní ìgbèkùn. Kí a sọ ọ́, kí a sì pè é ní ìpànìyàn. Lẹ́yìn náà ni kí a sọ pé nínú ogun tí Ísírẹ́lì gbé lọ sí Gásà, kí a tó ṣe àdéhùn ìdáwọ́dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, iye òkú tí ilé-iṣẹ́ ìlera Gásà kà ti ju 60,000 lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Ẹni tí ó bá ti rí i pé a kò fi òkú àkọ́kọ́ pamọ́ fún òun yóò dúró gbọ́ iye èkejì. Ẹni tí a bá fi ọ̀kan pamọ́ fún kò ní gba èkejì gbọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí kò yára. Ó ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ bi olùgbọ́ ní ohun tí ó mọ̀, kí a tó sọ ohun tí àwa mọ̀. Kí a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a má kó ọgọ́rùn-ún ọdún lé ẹnì kan lórí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Bí ó bá bínú, kí a dákẹ́ di ọjọ́ mìíràn, nítorí òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, àwọn ará Palẹstínì sì wà lára àwọn tí a ti dá ẹjọ́ wọn lọ́pọ̀ ìgbà láìgbọ́ tẹnu wọn. Ní ọdún 1917, a kọ ìwé nípa ilẹ̀ wọn láìdárúkọ wọn. Ohun tí ó kéré jù tí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ọ̀rọ̀ lè ṣe fún wọn ni kí a pè wọ́n ní orúkọ wọn, kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, kí a sì jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ ọ fi orí ara rẹ̀ rò ó.